Oúnjẹ Márùn-ún Péré: Bí A Ṣe Ń Jẹun Dáadáa ní Grand-Popo Láàárín Ọjọ́ Méjì

Bí ẹ bá kúrò ní Kútọnu láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ sì fẹ́ sùn sílé lálẹ́ Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré lẹ máa jókòó ti oúnjẹ. Ọ̀kan lójú ọ̀nà, méjì ní Grand-Popo, ìlú etíkun kan ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́jọ́ Sátidé, tàárọ̀ Sọ́ńdè, àti tọ̀sán Sọ́ńdè nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan nínú wọn jẹ búrẹ́dì àti sádìnì nítorí pé olóúnjẹ ti palẹ̀ mọ́, tó tún fi èkejì jẹ ẹja inú yìnyín tí wọ́n gbé wá láti Kútọnu tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀, kí ló wá kù nínú fàájì?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán la débẹ̀, èmi àti àbúrò ọkọ mi, ebi sì ti ń pa wá láti Ouidah, ìlú kan tó wà lójú ọ̀nà. A jókòó síbì kan létí òkun, a ní kí wọ́n yan ẹja fún wa. A mu mínírà kan, a mu èkejì. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ kí ẹja tó yọjú, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án, ó ń fọ́ yẹ́úyẹ́ú, omi ń jáde lára rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí àwọn apẹja bí ogún tí wọ́n tò sídìí okùn, wọ́n ń fa àwọ̀n bọ̀ látinú òkun, kò sì jìnnà sí tábìlì wa ju ibi tí ọmọdé lè ju òkúta dé lọ. Àbúrò ọkọ mi wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹja tiwọn ń jáde látinú òkun, tiwa ń jáde látinú fírísà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ní ìlú etíkun, aago lèèyàn fi ń ra oúnjẹ kó tó fi owó rà á. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ síbí, àlàyé ọ̀rọ̀ kan yẹn ni.

Kí ẹ tó gbéra

Grand-Popo wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Kútọnu, kò sì jìnnà sí Hilla-Condji tó jẹ́ ibodè Tógò. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà àti odò Mono wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlú náà sì tẹ́ gbọọrọ sórí yanrìn láàárín wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi iwájú àti omi ẹ̀yìn yìí sọ́kàn, torí òun ló máa yọ yín lọ́jọ́ tí òkun bá ń bínú. Orúkọ Pópó kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá. Olúpópó wà lára àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà nínú ìtàn táwọn àgbà máa ń sọ. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kọ́ ni wọ́n á fi ta ẹja fún yín. Mina, Xwla, Fọ̀n àti Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, màá sì fún yín ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ máa nílò tó bá yá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Èkó, ẹ wọ Kútọnu ní Fráìdè kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ má ṣe ti Mile 2 gbéra láàárọ̀ Sátidé kẹ́ ẹ tún máa retí oúnjẹ ọ̀sán ní Grand-Popo. Ọ̀nà Badagry títí dé Sẹ̀mẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá dá àdéhùn. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti lo ọjọ́ méjì ní Benin, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà yín àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njúpọ́njú dání, kẹ́nikẹ́ni má bàa fi ìyẹn gba owó ẹja lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ owó. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Ẹ ṣẹ́ náírà yín ní Sẹ̀mẹ̀ tàbí ní Kútọnu, torí náírà ò wúlò mọ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni pé kẹ́ ẹ fọ́ owó náà sí wẹ́wẹ́: ẹyọ 100 àti 200 àti 500, bébà 1,000 àti 2,000. Ẹni tó bá na 10,000 sẹ́fà sí ìyá tó ń ta ablo, oúnjẹ ìrẹsì àti àgbàdo, láago mẹ́jọ àárọ̀ ti ba àárọ̀ ìyá náà jẹ́, ó sì ti ba tiẹ̀ náà jẹ́.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ náà ní ọgbọ́n nínú. Ní àyíká ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ni ọdún Vodun, Ouidah àti gbogbo etíkun yẹn á kún fọ́fọ́. Ẹ lọ wo ọdún tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń wá oúnjẹ tó fara balẹ̀. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru gòkè látìsàlẹ̀ òkun ní gbogbo agbègbè yìí, ohun tí ẹja ń jẹ á bá a gòkè, ṣawá á wá pọ̀ bí yanrìn. Àsìkò ṣawá yíyan nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń fóònù ilé tẹ́ ẹ máa sùn sí, ẹ má béèrè bóyá yàrá ní ẹ̀rọ amúlétutù nìkan. Ẹ bi wọ́n pé, "Aago mélòó lẹ máa ń pa iná ìdáná lálẹ́?" Èsì tí wọ́n bá fún yín ló máa sọ bí ẹ ṣe máa jẹun.

Oúnjẹ kìíní: ablo ní Comè

Ẹ fi Kútọnu sílẹ̀ láago méje, kẹ́ ẹ má sì jẹun nílé. Tíì nìkan. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò lè jáde láìjẹ nǹkan, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ebi yìí gan-an lẹ fẹ́ gbé dé Comè.

Comè wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn Ouidah, kí ẹ tó yà sọ́wọ́ òkun. Bí ọkọ̀ bá ti dúró ní oríta, àwọn obìnrin á ti yí i ká pẹ̀lú ọpọ́n àti agbọ̀n lórí. Ablo ni wọ́n ń tà. Ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ti àgbàdo ni wọ́n pò pọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó wú, wọ́n á wá fi ooru omi sè é bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín. Ó funfun, ó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú bíi kànrìnkàn, ó sì dùn díẹ̀, bí ẹni pé ṣúgà kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ata tútù tí wọ́n lọ̀ mọ́ tòmáàtì àti àlùbọ́sà láìsè é.

Ẹ má ra lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sáré dé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ wo ẹni tí àwọn awakọ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ablo náà: ó yẹ kó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tẹ́ ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó padà sókè. Èyí tí etí rẹ̀ ti gan, tó ń kan díẹ̀, tàná ni. Ẹja ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n bù ú fún yín látinú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde látinú epo, kì í ṣe èyí tó ti wà lórí àtẹ látàárọ̀ tí eṣinṣin ti ń kí.

Ablo mẹ́ta tó fún àgbàlagbà. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo ti jẹ méje rí nítorí pé wọ́n kéré lójú; lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo kàn ń wo akàn lójú ni, akàn náà ń wò mí.

Oúnjẹ kejì: ẹ pàṣẹ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú ẹrù

Ẹ máa dé Grand-Popo láàárín aago mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá. Báàgì ṣì lè wà nínú ọkọ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ń dáná, ẹ má bá ẹni tó ń gba owó sọ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ létíkun yìí ni pé èèyàn á lọ wo omi, á ya fọ́tò, á wá rántí oúnjẹ nígbà tí ebi bá pa á. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀, wọn kì í tọ́jú ẹja sílẹ̀ de èèyàn. Tẹ́ ẹ bá pàṣẹ ni wọ́n ń ránṣẹ́ lọ rà á, ni wọ́n ń ha ìpẹ́, ni wọ́n ń wá èédú. Wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì nìyẹn. Ẹni tó bá pàṣẹ láago mẹ́wàá fún aago kan, kò ní dúró rárá. Ẹni tó bá pàṣẹ láago kan, èyí tó bá wà nínú fírísà ni wọ́n á yọ́ fún un. Kì í ṣe pé wọ́n burú, ebi tó ń pa á ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: kí ló jáde lónìí? Lẹ́yìn náà: ṣé tòkun ni àbí tọ̀sà? Poisson frais ni ẹja tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, poisson congelé ni tinú yìnyín. Braisé ni yíyan, frit ni díndín. Crabe ni akàn, crevettes ni edé. Barracuda tẹ́ ẹ máa rí nínú ìwé oúnjẹ wọn, kúta tiwa ni. Piment ni ata, tẹ́ ẹ bá sì ní ọmọdé lọ́dọ̀, ẹ sọ pé piment à part, kí wọ́n gbé ata sọ́tọ̀. Ẹni tó gbọ́ Fọ̀n á mọ̀ pé hwevi ni ẹja, sin ni omi, akwɛ ni owó. Tẹ́ ẹ bá lè sọ mẹ́ta yìí pẹ̀lú ẹ̀rín, owó ẹja á sọ̀ díẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ẹja wà, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá kẹ́ ẹ rí i. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀. Àwọn náà kì í ra ẹja láìwò ó. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kó ta jáde, kí dúdú inú rẹ̀ máa dán. Ojú tó ti funfun, tó ti wọ inú, ti rí yìnyín tàbí ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: ohun tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ rí bíi tíì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀: tí ojú ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ bá kún padà, ó dáa, tó bá wọnú tó sì dúró síbẹ̀, ẹ dá a padà. Òórùn òkun ló yẹ kó máa rùn. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ́wọ́ gbà á, ẹ dá owó rẹ̀ kó tó kan iná, ẹ dá aago rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n máa fi tì í àti bóyá owó rẹ̀ wà nínú ti ẹja. Ibi "pẹ̀lú kí ni" yìí ni wọ́n ti máa ń bu àlejò jẹ.

Tí òkun bá ń ru, tí kò sí ọkọ̀ tó lè bọ́ sójú omi, ẹja tútù òkun ò ní sí lọ́jọ́ náà, ohunkóhun tí wọ́n bá wí. Ẹ yí ojú sí ọ̀sà. Akàn, edé, ẹ̀pìyà: ìwọ̀nyí kì í wo ojú ìgbì òkun kí wọ́n tó jáde. Èmi ò tiẹ̀ kí ń dúró kí òkun bínú mọ́. Tí mo bá ní oúnjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo ní Grand-Popo, akàn pẹ̀lú piron ni. Ẹja yíyan pẹ̀lú ànàmọ́ díndín dùn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń ṣe é ní gbogbo igun Kútọnu.

Piron kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ẹ̀bà ni, àmọ́ dípò kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, omi ẹja tàbí omi ẹran tó ti jinná pẹ̀lú tòmáàtì, àlùbọ́sà àti ata ni wọ́n fi rò ó lórí iná. Ó pọ́n, ó rọ̀, ó ti ní iyọ̀ àti adùn nínú kó tó kan ọbẹ̀. Àwọn ará Brazil ní èyí tí wọ́n ń pè ní pirão, ìyẹ̀fun gbágùúdá tí wọ́n fi omi ẹja rò. Orúkọ ò jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò.

Bí a ṣe ń jẹ akàn náà rèé, torí mo ti rí ẹni tó fi fọ́ọ̀kì bá a jà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbé fọ́ọ̀kì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ya àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fà wọ́n mu bí ẹni ń fa ìṣáwùrú. Ọwọ́ ńlá méjèèjì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ wá ki àtàǹpàkò bọ abẹ́ ikarahun láti ẹ̀yìn, ẹ ṣí i bí ẹni ń ṣí ìdérí agolo. Ohun rírọ̀ tó pọ́n bí ìyeyè tẹ́ ẹ bá bá nínú ikarahun yẹn ni olóyè. Ẹ má dà á nù o! Ẹ bu piron díẹ̀ sínú ikarahun náà, ẹ fi ìka rò ó pọ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ ẹ́ látibẹ̀. Ara àárín, ẹ fọ́ ọ sí méjì, ẹran funfun wà nínú yàrá yàrá. Nígbà náà lẹ wá padà sórí ọwọ́ ńlá: ẹ fi ìdí ṣíbí kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbì, ó ti là. Ẹni tí kò jẹ akàn rí, kó fi ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀, kó dúró wo ara rẹ̀ ná; ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́, á sì wú.

Kí ọ̀sán tó tó, ẹ ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ má wẹ̀ nínú òkun yẹn. Ìgbì rẹ̀ ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀, kò mọ òmùwẹ̀. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀sà lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń bọ́ sókun, tàbí kẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ igi àgbọn kí wọ́n bẹ́ ọ̀kan fún yín. Ẹ mu omi rẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ gbogbo àgbọn inú rẹ̀ tán. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ablo méje fún yín.

Oúnjẹ kẹta: alẹ́

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ pàṣẹ rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń san owó ọ̀sán, ẹ jẹ ẹ́ láago méje, kí iná ìdáná tó kú. Ohun tí mo máa ń jẹ ni akassa àti ẹja díndín kékeré. Akassa, ẹ̀kọ wa náà ni, nínú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ẹja mọ́ lè ní kí wọ́n fi amiwo àti adìyẹ díndín ṣe tiẹ̀: ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò sínú omi ọbẹ̀ tòmáàtì àti òróró títí tó fi pọ́n. Ó wúwo, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ.

Sodabi á dé tábìlì yín bóyá ẹ pè é tàbí ẹ ò pè é. Ògógóró ni, ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Ẹ mu èyí tó wà nínú ìgò tí wọ́n dì dáadáa, kẹ́ ẹ má mu tinú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá, torí ọtí tí wọ́n lú lè fọ́ ojú èèyàn. Omi Possotomè inú ìgò ló dáa jù. Apá adágún Ahémé ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, kò jìnnà sí Comè tẹ́ ẹ gbà kọjá. Ẹ yẹra fún yìnyín inú ife àti ewébẹ̀ tútù tí ẹ ò rí bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Inú rírun láàárọ̀ Sọ́ńdè, oúnjẹ méjì ló máa gbà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Kẹ́ ẹ tó lọ sùn, ẹ bi aláṣè bóyá ó lè bá yín din ẹja tẹ́ ẹ bá fúnra yín rà láàárọ̀. Ẹ fi owó iná àti owó òróró lọ̀ ọ́. Púpọ̀ wọn á gbà.

Oúnjẹ kẹrin: ẹ tẹ̀lé okùn

Aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ ti wà lórí yanrìn. Àwọn apẹja á ti fi ọkọ̀ gbé àwọ̀n ńlá kan yí omi ká, wọ́n á fi orí okùn méjèèjì sílẹ̀ létí omi. Àwọn èèyàn á wá pín sọ́nà méjì, ẹgbẹ́ kan sí okùn kan, wọ́n á máa fà á wá bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orin. Ó lè gbà tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà yín sí èèyàn, ẹ kí wọn, ẹ bọ́ bàtà, ẹ di okùn náà mú lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Ọwọ́ yín á bó díẹ̀.

Bí àpò àwọ̀n bá ti gúnlẹ̀, ẹ dúró sẹ́yìn. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹja kankan, ì báà jẹ́ èyí tó ta wá sẹ́sẹ̀ yín. Ẹni tó ni àwọ̀n ló ń pín in, àwọn obìnrin tó gbé abọ́ ńlá dání ló sì kọ́kọ́ ń ná an. Ariwo tí wọ́n máa pa lè jọ ìjà. Ọjà ni wọ́n ń ná. Nígbà tí obìnrin kan bá ti rà tiẹ̀ tán tó ń kó o sínú abọ́, ẹ lọ bá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ní kó yọ ẹja mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún yín. Á gbé èrè díẹ̀ lé e, ó tọ́ sí i. Mo rántí ìyá kan tó yan kúta kékeré kan fún mi, tó tún fi ṣawá márùn-ún ṣe ènì, tó sì fi ìka kan ojú ẹja náà kí n lè rí i pé ó ṣì ń dán. Iyọ̀, ata, òróró, kò ju ìyẹn lọ. Láago mẹ́sàn-án, a ti ń yọ egungun rẹ̀ lẹ́nu. Mi ò tíì jẹ ẹja tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nílé oúnjẹ kankan.

Tí wọn ò bá ju àwọ̀n lọ́jọ́ náà, ẹ lọ sójú títì. Wọ́n ń ta aklui, ògì tí wọ́n ṣe ní hóró hóró, pẹ̀lú yovo doko, ìyẹn pọ́fùpọ́ọ̀fù. Wọ́n sì ń ta àkàrà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, "ata" ni orúkọ àkàrà lẹ́nu àwọn Fọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi kan láti Ìbàdàn ní kí wọ́n fi ata sí ògì òun, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n rọra ju àkàrà méjì sínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹyin alábahun òkun lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́. Wọ́n ń dáàbò bò wọ́n létíkun yẹn, òfin sì wà lórí rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ rìn dé oko ewébẹ̀ tó wà lórí yanrìn. Àlùbọ́sà, káróòtì àti tòmáàtì ń hù nínú yanrìn funfun yẹn ní ebè tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, omi kànga ni wọ́n fi ń bomi rin wọ́n. Ẹ ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú oko. Á hú u níṣojú yín.

Oúnjẹ karùn-ún: Ouidah

Ẹ gbéra láago mọ́kànlá, kẹ́ ẹ ti fóònù ilé oúnjẹ kan ní Ouidah láti àárọ̀ pé ẹ ń bọ̀ láago kan. Ẹja moyo ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹja díndín tàbí yíyan ni, wọ́n á wá da ọbẹ̀ tútù lé e lórí: tòmáàtì, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, òróró díẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Akassa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil fi ọwọ́ sílẹ̀ nínú oúnjẹ ìlú yìí. Molho ni Potogí ń pe ọbẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Èkó tó sì ti jẹ frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, lọ́jọ́ Gúd Fráìdè á mọ̀ pé irú ilé kan náà ni ìkòkò méjèèjì ti jáde. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń se dakouin, ẹ jẹ ìyẹn dípò rẹ̀: garí ni wọ́n tú sínú ọbẹ̀ ẹja tútù tó ń hó, kò le bí ẹ̀bà, ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú.

Kẹ́ ẹ tó jókòó jẹun, tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ya sí Djègbadji, lójú ọ̀nà tó lọ sétí òkun. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń ha ilẹ̀ iyọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, wọ́n á da omi gba inú agbọ̀n tí ilẹ̀ náà wà kó lè ro iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá se omi iyọ̀ náà títí tí hóró iyọ̀ á fi kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ ra díẹ̀. Kò funfun tó ti ọjà, àmọ́ lára ẹja yíyan, ẹ máa mọ ìyàtọ̀.

Ẹ kúrò ní Ouidah kí aago mẹ́ta ààbọ̀ tó lù, torí gbogbo Kútọnu tó lọ sétí òkun ló ń padà nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Àlùbọ́sà, ẹ fi í síbi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ sí i. Iyọ̀, ẹ dè é lẹ́nu pinpin. Edé gbígbẹ, tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ fi ọ̀rá mẹ́ta dì í, ẹ tún fi sínú ike. Ọ̀rá kan ni mo fi di tèmi lọ́jọ́sí. Títí di Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò ọkọ mi ṣì ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé.